Ẹni Tí A Ò Rí Òkú Ẹ̀

Irùngbọ̀n mi ti ń funfun kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé àwòrán. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó yẹ kí bàbá ọlọ́mọ máa sọ síta, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè fi í pamọ́. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Pólì kọjá ní Ṣakí á ti rí mi níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo tẹrí ba sórí fóònù, táyà ọ̀kadà wà lẹ́sẹ̀ mi, ẹni tó ni táyà dúró tì mí, ó ń pòṣé. Fọkanáísà ni mí. Mo kàwé dé kíláàsì kẹta ní girama, ibẹ̀ ni èmi àti ìwé ti jọ fẹnu kò pé ó tó gẹ́ẹ́.

Àwọn ọmọ Pólì ló kó o bá mi. Wọ́n á gbé ọ̀kadà wọn wá kí n bá wọn lẹ táyà, bí mo bá ṣe ń lẹ̀ ẹ́ ni wọ́n á máa jiyàn lórí ìtàn kan tí ará Japáànù kan ń yà. Mangá ni wọ́n ń pè é. Ìtàn ìjà ni. Orí kan ló ń jáde lọ́sẹ̀, ó sì ti ń jáde láti ìgbà tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ò tíì lè rìn. Nígbà míì wọ́n á ní ẹni tó ń yà á ń sinmi, ara ẹ̀ ò yá, gbogbo wa á wá máa ṣàdúrà ìlera fún ọkùnrin tá ò rí rí.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n túmọ̀ ọ́ sí. Mo ń gbọ́ ìdajì. Ìdajì tó kù, ojú wọn ni mo ń wò. Ìyẹn náà ló sì jẹ́ kí n mọ ohun tó ń bọ̀ rò ju àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan tó ń dí mi lọ́wọ́. Mo sọ nígbà kan pé obìnrin kan nínú ìtàn náà máa dalẹ̀ akọni, kò pẹ́, ó dalẹ̀ ẹ̀ lóòótọ́. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Pùròfẹ́sọ̀. Mi ò sọ fún wọn pé torí pé ó jọ ọmọbìnrin kan tí mo fẹ́ fẹ́ nígbà èwe mi ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Páànù kan ló wà láàárín wa, ó sì ti lu débi tí mo fi lè na sípánà sí i gba ihò ẹ̀. A jọ dàgbà ni. Ó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́ lórí ìwé àwòrán, á ní ṣé àwọn ọmọ mi ń bá mi fa fóònù náà nílé. Nígbà tó yá, ó gbé bẹ́ǹṣì ẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó, ó ń gbọ́.

Ohun tá à ń jiyàn lé lórí lọ́jọ́ náà ni ọ̀gá tó kọ́ akọni ní ìjà. Ọkùnrin náà ti dá dúró lójú ọ̀nà òkè yìnyín kan kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ lè ráyè sá, òkè náà sì wó lé e lórí. Ó ti pẹ́ gan-an. Ọ̀rẹ́ mi béèrè pé, "Òkú ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n yà á?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Pólì ní wọn ò yà á. Ló bá ṣàlàyé òfin kan fún un, tí gbogbo ẹni tó ń ka irú ìtàn yìí mọ̀: ẹni tí wọn ò bá ya òkú ẹ̀, kò tíì kú.

Mo wo ọ̀rẹ́ mi bó ṣe gba òfin yẹn. A jọ kéwú pa pọ̀, mi ò rí i kó gba ọ̀rọ̀ alfa kankan bẹ́ẹ̀ rí.

Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin tó sọnù ló fà á. Bíríkìlà ni ọmọ náà, ọmọ jẹ́jẹ́. Ó bá àwọn kan gba bọ́dà Benin jáde, wọ́n ní Líbíà làwọn ń lọ, pé láti ibẹ̀ àwọn á rí ọkọ̀ ojú omi. Ó pe ilé láti Agádésì ní Nìjẹ̀, ó ní ẹ̀yìn ibẹ̀ ni aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, pé mọ́tò àwọn máa gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Látìgbà náà, nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Nígbà tó ṣe, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ pe ìyá tiẹ̀ láti Líbíà. Ó ní àwọn ò jọ wọ mọ́tò kan náà. Ó ní òun gbọ́ pé mọ́tò kan bàjẹ́ sínú iyanrìn, òun ò mọ èwo. Gbogbo ohun tá a gbọ́ nìyẹn.

Ó fi ìyàwó sílẹ̀, àti ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n lójú. Télọ̀ ni ìyàwó náà, ará Ilero ni, ilé ìyá ọkọ ẹ̀ ló ń gbé. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ pè é. Kì í ṣe opó, kò sì lọ́kọ nílé. Bó bá rẹ́rìn-ín, àwọn aládùúgbò á wojú ara wọn. Bó bá fajúro, wọ́n á ní kó má fi àmì búburú pe ọkọ ẹ̀. Àwọn èèyàn ẹ̀ ní Ilero ti wá lẹ́ẹ̀kan pé àwọn fẹ́ mú ọmọ àwọn lọ. Alfa àgbà dá wọn lóhùn pé ọ̀nà wà ńlẹ̀: obìnrin tí ọkọ ẹ̀ bá sọnù báyìí, ọdún mẹ́rin ni á fi dúró, lẹ́yìn náà á jókòó opó, lẹ́yìn opó ó di ẹni ara ẹ̀. Ọdún mẹ́rin náà ti kọjá. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí olórí ilé ọkọ wá sọ ọ̀rọ̀ náà ní mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Bàbá wọn ti kú, ọ̀rẹ́ mi ni olórí ilé.

Ọ̀rẹ́ mi ò lọ. Jímọ̀ kan, ọ̀kadà ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ní ọlọ́kadà ń kánjú. Jímọ̀ míì, orí ń fọ́ ọ. Jímọ̀ míì, ó kírun ní mọ́sáláṣí ibòmíì pátápátá, ó ní òun ṣìnà. Nínú ìlú tí wọ́n bí i sí.

Ìyá ẹ̀ ló wá bá mi. Màmá yẹn kì í rìn jáde mọ́, torí ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé nǹkan ń bẹ nígbà tí mo rí i lórí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní ọ̀sán gangan, tó ti yan ìgbà tí ọmọ ẹ̀ lọ ra pátì ọ̀kadà. Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín àwọn rọ́bà táyà. Ó jókòó, ó gba omi, kò mu ún.

Ó ní, "Ọmọ mi, èmi tí mo bí i, mo ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni ò jẹ́ kó lọ. Ọmọ ọlọ́mọ wà nílé mi bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Wọ́n ní ẹ jọ ń ka ìwé kan níbí tó ní ẹni tó bá sọnù á padà. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún un pé ìwé ni."

Mo ní, "Mo gbọ́, mà."

Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ẹ̀. Kí n dojú kọ ọkùnrin kí n ní àbúrò ẹ ti kú? Mo bá gba ẹ̀yìn. Mo ní èmi gbà pé ọ̀gá inú ìtàn yẹn ti kú. Bó ṣe di pé ojoojúmọ́ ni mo ń pa ọ̀gá ọlọ́gá nìyẹn. Mo ní ẹni tí òkè wó lù ti kú, kí ló tún kù? Àwọn ọmọ Pólì ní Pùròfẹ́sọ̀ ti ń di arúgbó. Ọ̀rẹ́ mi á da sípánà sílẹ̀. "Ṣé o rí òkú ẹ̀ ni?" Bó ṣe ń sọ ọ́, iṣan ọrùn ẹ̀ á yọ síta, àwọn ọmọ á sì máa rẹ́rìn-ín torí wọ́n rò pé mangá ló ká a lára tó báyìí.

Láàárín ìgbà náà, ọkùnrin kan tó bojú ti wọ inú ìtàn. Ẹ̀yìn ọ̀tá ló máa ń dúró sí, kì í sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó ń ka ìtàn náà, láti ibí títí dé ìlú òyìnbó, ń rò ó pé ta ni. Àwọn kan ní ọmọ ọba ni. Ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀gá ni. Èmi ní kò lè jẹ́ ọ̀gá, ó kúrú. Mo fi ìka wọn àwọn méjèèjì lójú fóònù: ọ̀gá tó ìka méjì, ẹni tó bojú ò ju ìka kan ààbọ̀ lọ. Mo fi hàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Lọ́jọ́ kan, orí tó jáde parí síbi tí ọkùnrin yẹn ti gbé ọwọ́ sí ìbòjú ẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi jẹ́ kí gbogbo àwọn ọmọ lọ tán. Ó wá sọ fún mi pé òun mọ ohun tí mo ń ṣe láti ọjọ́ yìí, pé òun kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní, "Bó bá ṣí i tí kì í bá ṣe ọ̀gá, màá lọ mọ́sáláṣí ní Jímọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá sì jẹ́ ọ̀gá, ìwọ àti ìyá mi á fi mí sílẹ̀."

Ó yẹ kí n ní rárá. Ó yẹ kí n sọ fún un pé a kì í fi ọjọ́ ayé obìnrin ta tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi ìka wọn ọkùnrin náà, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo ní mo gbà. Mo tún lọ bá màmá lọ́jọ́ kejì, mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà máa yanjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ará Japáànù náà lójúkojú.

Ọjọ́ Àlàmísì ni orí tuntun máa ń dé. Ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn ọmọ Pólì ti yí mi ká, ọ̀rẹ́ mi wà lórí bẹ́ǹṣì. Ìyàwó àbúrò ẹ̀ náà dé. Ó gbé oúnjẹ wá fún ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀, bó ṣe máa ń gbé e wá, ṣùgbọ́n kò yára lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mi. Mo mọ̀ pé màmá ti sọ fún un.

Nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa lọ́jọ́ náà. Àwòrán náà ń ti òkè ṣí wá díẹ̀díẹ̀. Irun kọ́kọ́ yọ. Ó dúró. Iwájú orí yọ. Ó tún dúró. Lẹ́yìn náà ni àpá kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, àpá tí gbogbo wa mọ̀.

Ọ̀gá ni.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú wọn wá ṣàlàyé fún mi pé lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n ya ẹni tó bojú náà sí, ìdí nìyẹn tó fi kéré. Gbogbo wọn ti mọ̀. Wọ́n rò pé mò ń dápàárá ni.

Ariwo sọ. Ọ̀rẹ́ mi ò pariwo. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, gírísì bá wà lójú ẹ̀. Ó rán ẹnì kan kó lọ ra mínírà fún gbogbo èèyàn. Nígbà tó kọjú sí mi, mo rò pé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò ṣe é. Ó kàn ní, "Ṣó o rí i?" Ohùn ẹ̀ rọ̀ bí ohùn ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Mo bá ń bẹ̀rù fún un.

Ìyàwó yẹn sún mọ́ wa. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun rí i. Wọ́n fún un ní fóònù, ó wo ojú ọkùnrin náà dáadáa, bí èèyàn ṣe ń wo aṣọ kó tó gé e.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin yìí níyàwó?"

Ọmọ Pólì tó mọ̀tàn jù dáhùn pé ó níyàwó, pé obìnrin náà ti yọjú níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ó wá a títí, ó rí i. Ojú ewé méjì péré ni. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín ń bọ́, ó gbé fìtílà lọ́wọ́, ọkọ ẹ̀ ń lọ.

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Ọmọ náà ní wọn ò yà á mọ́.

"Ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn?"

Ẹ̀rí ọkàn mi ló ń gún mi. Gbogbo ọdún tá a fi ń jiyàn yẹn, a rò ó bóyá ọ̀gá kú, bóyá ó yè, bóyá ó ti di ọ̀tá. Ajá ọkùnrin náà pàápàá, a fi odindi oṣù kan jiyàn lórí ibi tó wọlé sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ fẹ́ gbà wá sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bóyá obìnrin yẹn ti kú, pé ìyẹn á jẹ́ kí ìtàn náà dùn. Mo na ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ìyàwó yẹn dá fóònù padà. Kò bínú, ó kàn wo ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀. "Bùọ̀dá, ẹ ò bi mí rí bóyá mo ṣì ń retí ẹ̀." Ó gbé abọ́ oúnjẹ sórí bẹ́ǹṣì, ó kí mi, ó ní, "Bùọ̀dá Fọkanáísà, ó dàbọ̀," ó sì lọ.

Mínírà dé. Àwọn ọmọ mu tiwọn wéréwéré, wọ́n tú ká. Ọ̀rẹ́ mi ò ṣí tiẹ̀, kò ṣí oúnjẹ náà. Ọ̀kadà kan kọjá tó ń ti bọ́dà bọ̀, ọkùnrin méjì wà lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sì wo ojú wọn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo ti máa ń rí i tó ń ṣe é, mo rò pé oníbàárà ló ń wá.

Lẹ́yìn tá a kírun Àsárì, ó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mi ò lè fi ẹnu ara mi pa á. Bí mo bá dúró níwájú èèyàn tí mo ní ó ti kú, tó wá ń rìn bọ̀ lọ́nà níbì kan ńkọ́?"

Ẹni tó fi ìka wọn èèyàn lójú fóònù, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa aṣálẹ̀? Ohun tí mo lè ṣe ò ju kí n ní ká lọ bá alfa àgbà, kó sọ fún alfa bó ṣe sọ fún mi. Mo rò pé á kọ̀. Ó dìde.

Alfa wà lórí ẹní níwájú ilé, ó ń bó àgbàdo. Ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀, ó rò ó gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, títí kan ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti òkè yìnyín. Ojú tì mí dípò ẹ̀. Alfa ò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ gbọn ìyàngbò kúrò lára.

Ó ní, "Ta ló ní kó o wá sọ pé ó kú? Èmi gan-an mọ̀ ni? Ẹni tó wà lókè nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí a fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ ò ju pé ẹ wá a, ẹ ò sì rí i."

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Èmi náà wò ó. Látọjọ́ yìí, èmi ni mò ń sọ fún un pé kó lọ kéde òkú. Ìyá ẹ̀ rò bẹ́ẹ̀, ará ilé rò bẹ́ẹ̀, àwọn ará Ilero rò bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó lọ béèrè irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Ó bi alfa bóyá ìyẹn náà ni tán. Alfa ní ìyẹn náà ni. Ó wá ní bó bá ṣẹlẹ̀ pé ọmọ náà padà dé, ẹ̀sìn ní ohun tó máa sọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n a ò lè torí ọjọ́ tá ò mọ̀ ká ti obìnrin mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ní Jímọ̀, mo kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nígbà tá a kírun tán, alfa pè é síwájú. Ó ti wọ agbádá bàbá ẹ̀, ó gùn jù ú lọ, ó sì ń fọwọ́ kó o. Mo bẹ̀rù pé á tún ní orí ń fọ́ òun. Ó dúró, ó wolẹ̀.

Ó ní, "A wá a. A ò rí i."

Alfa ti fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó tún ní, "Bó bá dé, ilé wa ṣì wà níbi tó fi í sí." Ìyẹn ò sí nínú ohun tí alfa kọ́ ọ. Alfa wò ó, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ẹ̀yìn aṣọ níbi tí àwọn obìnrin wà, ẹnì kan ṣe àmín kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Mo mọ ohùn náà, ti ìyàwó àbúrò ẹ̀ ni.

Ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ opó ẹ̀, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, nínú yàrá ìyá ọkọ ẹ̀. Wọ́n ní ó sunkún lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un, màmá sì jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti mọ́sáláṣí padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́kadà kan ti ń dúró dè mí, ìṣó ló wọ táyà ẹ̀. Mo tú u. Ọ̀rẹ́ mi bọ́ agbádá, ó ká a sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, ó jókòó tì í. Ọ̀kadà kan tún ń ti apá bọ́dà bọ̀. Mo rí i tó gbórí sókè, ó wo àwọn tó wà lórí ẹ̀ títí wọ́n fi kọjá, ó wá na ọwọ́ gba ihò páànù pé kí n fún òun ní sípánà òun.